Ọdẹ Tí Kì Í Pa Ẹran

Àwọn tí wọ́n ń wa ọkọ̀ pẹẹrẹ lójú odò láti ya àwòrán ẹyẹ àti ẹranko máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó dùn létí: pé ọdẹ ni àwọn, ṣùgbọ́n ọdẹ tí kì í pa ẹran. Kò sí ọta nínú ohun tí wọ́n gbé dání, kì í sì í sí ẹ̀jẹ̀ nínú àpò wọn nígbà tí wọ́n bá padà délé. Ọ̀rọ̀ náà dára, òótọ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí òótọ́ náà pin sí, ọ̀dọ̀ ẹran ni ó yẹ kí ó ti lọ béèrè, kì í ṣe lọ́dọ̀ ọdẹ.

Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, ọkọ̀ ọdẹ ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn Inuit àti àwọn ìbátan wọn tí wọ́n ń gbé ilẹ̀ yìnyín, ní Greenland, ní àríwá Kánádà àti ní Alaska, ni wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀. Qajaq ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn, òun ni àwọn Òyìnbó gbà tí wọ́n sọ di kayak, tí ọ̀rọ̀ yìí yóò máa pè ní káyáàkì. Igi ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ wọn. Igi tí òkun bá gbé wá sí èbúté tàbí egungun ẹja àbùùbùtán ni wọ́n fi ń ṣe egungun ọkọ̀ náà, wọn a sì fi awọ seal, ẹran òkun tí wọ́n ń pa jẹ, bò ó yípo, àfi ihò kan ṣoṣo láàárín tí ọdẹ ń jókòó sí. Nígbà tí ìbọn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ Greenland, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ funfun kékeré kan sí iwájú ọkọ̀, kí seal tí ó bá gbójú sókè lè rò pé yìnyín kan ni ó ń léfòó bọ̀. Ìgbà tí yóò fi mọ̀ pé yìnyín kì í yìnbọn, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Gbogbo ohun tí ọdẹ ilẹ̀ yìnyín fẹ́ lára ọkọ̀ yìí náà ni ayàwòrán ń fẹ́ lónìí. Kò ní ẹ́ńjìnnì, nítorí náà kò ní ariwo, kò sì ní èéfín. Omi tí kò mu èèyàn dé orúnkún tó o láti léfòó, nítorí náà ó lè wọ àárín koríko etí odò níbi tí ọkọ̀ ńlá kò lè dé. Èyí tí ó wá ṣe pàtàkì jù ni pé ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Ẹni tí ó bá dúró lórí afárá tí ó ya àwòrán pẹ́pẹ́yẹ, ẹ̀yìn pẹ́pẹ́yẹ ni yóò yà, omi yóò sì tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ bí ẹní. Ẹni tí ó bá yà á láti inú káyáàkì, ojú ni wọn yóò fi ṣe mẹ́rin, etí odò kejì yóò sì hàn lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí pẹ́pẹ́yẹ mìíràn ì bá ti rí i. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwòrán méjèèjì kò sí nínú iye tí a ra kámẹ́rà.

Ọ̀kan nínú àwọn odò tí irú àwọn ayàwòrán bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ni Silver River, ní àárín gbùngbùn ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, lẹ́bàá ìlú Ocala. Láti inú ihò òkúta ẹfun lábẹ́ ilẹ̀ ni omi rẹ̀ ti ń sun jáde, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Silver Springs, tí ó sì ń ṣàn fún nǹkan bí kìlómítà 8 kí ó tó wọ inú odò Ocklawaha. Nítorí pé abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti ń bọ̀, bí ó ṣe gbóná tó kì í yí padà púpọ̀ láàárín ọdún; nǹkan bí ìwọ̀n 22 ni lórí òṣùwọ̀n Celsius, ì báà jẹ́ ìgbà ooru tàbí ìgbà òtútù. Ó mọ́ gaara débi pé láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ gíláàsì gbé àwọn àlejò káàkiri ojú omi náà, kí wọ́n lè máa wo ẹja nísàlẹ̀. Láti 1938 ni Bruce Mozert ti ń ya àwòrán lábẹ́ omi níbẹ̀, pẹ̀lú àpótí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn fún kámẹ́rà kí omi má baà wọ̀ ọ́. Nítorí náà, odò yìí àti kámẹ́rà ti mọra tipẹ́.

Kùtùkùtù ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó ga. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ òtútù, ìkùukùu máa ń dìde lójú omi, nítorí omi gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ. Ayàwòrán tí ó mọ iṣẹ́ kì í lé ẹran. Yóò kọ́kọ́ wa ọkọ̀ rẹ̀ lòdì sí ìṣàn, ní àárín odò, kí ó jìnnà sí etí, títí apá yóò fi máa ro ó; lẹ́yìn náà ni yóò yí orí ọkọ̀ padà, tí yóò gbé àjẹ̀ lé itan, tí yóò sì jẹ́ kí odò máa gbé òun bọ̀. Ìgbà ìpadàbọ̀ yìí ni àwòrán ń ṣeé yà. Igi tí odò ń gbé lọ kì í ba ẹyẹ lẹ́rù, ẹni tí ó bá sì lè dà bí igi, ẹyẹ yóò fi í sílẹ̀ kí ó kọjá.

Ìṣòro kan wà tí ẹni tí kò tíì jókòó sínú káyáàkì rí kì í ronú kàn. Ọwọ́ méjì ni àjẹ̀ ń fẹ́, ọwọ́ méjì náà ni kámẹ́rà ń fẹ́. Ìgbà tí ayàwòrán bá gbé kámẹ́rà sójú, ó ti fi ọkọ̀ lé odò lọ́wọ́ nìyẹn. Odò a sì máa ṣe bí ó ti wù ú. Yóò yí ọkọ̀ po kí ẹyẹ tí ó wà níwájú di ẹyẹ ẹ̀yìn. Yóò tì í wọ abẹ́ ẹ̀ka igi. Tàbí, èyí tí ó burú jù, yóò gbé e lọ tààrà bá ẹyẹ tí kò pe àlejò. Kò sí ọkọ̀ tí ń dúró ní ọ̀gangan kan lórí omi tí ń ṣàn. Nítorí náà, kí ayàwòrán tó gbé àjẹ̀ sílẹ̀ rárá, ó ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí odò yóò gbé òun dé nígbà tí òun kò bá wo ọ̀nà, kí ó sì rí i pé ibẹ̀ kì í ṣe àyà ẹran náà. Ìṣirò yìí ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe.

Ti kámẹ́rà rọrùn ju ti odò lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ayàwòrán orí ilẹ̀ fi ń gbé kámẹ́rà dúró kò wúlò níbí, nítorí ohun tí yóò dúró lé ń mì. Wọ́n ń ṣètò rẹ̀ kí ojú rẹ̀ ṣí kí ó sì pa dé láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, tàbí kí ó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí àwòrán má baà rú. Wọn a fi gíláàsì tí ń pa dídán omi bo lẹ́ǹsì. Wọ́n ní àpò rọ́bà tí omi kò lè wọ̀, wọ́n sì ń fi okùn so ó mọ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí a dì pinpin sínú àpò kò lè ya ẹyẹ tí ń fò kọjá. Nítorí náà, orí itan ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé e sí, pẹ̀lú àdúrà.

Ẹ̀kọ́ tí ó gba àkókò jù ni ti ara ẹran. Ẹyẹ ńlá kan wà lójú odò náà, ìbátan lékeléke, aláwọ̀ eérú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ọ̀pá, tí ó máa ń dúró jẹ́ẹ́ sínú omi tí ń ṣọ́ ẹja. Bí ọkọ̀ bá ń súnmọ́ ọn, kì í kọ́kọ́ fò. Yóò dáwọ́ ẹja ṣíṣọ́ dúró. Yóò na ọrùn sókè ṣánṣán. Yóò gbé ẹsẹ̀ kan, yóò sì rọra gbé e kalẹ̀ sí apá ibi tí ó fẹ́ gbà lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ẹyẹ náà ń ṣe fáàrí fún òun ni, nítorí ọrùn tí ó nà bẹ́ẹ̀ rẹwà nínú àwòrán. Àwòrán ẹyẹ tí ẹ̀rù ń bà ni. Ó pọ̀ nínú àwọn àwòrán tí aráyé ń yìn, tí ó jẹ́ pé ẹran tí ó ti pinnu láti sá ni ó wà nínú wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ ọ́n kà.

Ìjàpá omi náà ńkọ́? Wọn a tò jọ sórí igi tí ó wó sínú odò, bíi mẹ́fà, bíi mẹ́jọ, wọn a na ọrùn àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Oòrùn ni wọ́n wá yá. Ara wọn kò lè dá ooru ṣe fúnra rẹ̀. Oòrùn ni wọ́n fi ń mú ara gbóná kí oúnjẹ tó lè dà nínú wọn. Bí ọkọ̀ bá yọ sí wọn lójijì, wọn a jábọ́ sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan, pọ̀, pọ̀, pọ̀. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì kọjá lọ. Kò pẹ́, ìjàpá yóò tún gun igi rẹ̀, ọkọ̀ mìíràn yóò sì dé. Bí ogún ọkọ̀ bá kọjá ní òwúrọ̀ kan, kò sí ẹni tí ó pa ìjàpá kankan nínú gbogbo wọn, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ lójú omi tí yóò fi hàn pé ohunkóhun sọnù.

Ọkùnrin kan wà nínú ìtàn tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí pàdé lára rẹ̀. George Shiras Kẹta ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1859 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ọmọ ilé ńlá sì ni. Bàbá rẹ̀ jẹ́ adájọ́ ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà láti 1892 sí 1903. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ agbẹjọ́rò, ó sì jẹ́ aṣojú-ṣòfin ní Washington láti 1903 sí 1905. Ṣùgbọ́n ọdẹ ni ó gba ọkàn rẹ̀. Láti ìgbà ọmọdé ni ó ti ń lọ sí àríwá ìpínlẹ̀ Michigan, ní agbègbè ìlú Marquette lẹ́bàá adágún Superior, láti pa àgbọ̀nrín. Ọ̀nà tí àwọn Ojibwe, tí í ṣe onílẹ̀ ibẹ̀, fi ń dọdẹ lóru ni ó kọ́. Wọ́n ń dá iná sínú àwo irin ní iwájú ọkọ̀. Ẹnì kan yóò jókòó sẹ́yìn, yóò máa wa ọkọ̀ láìjẹ́ kí àjẹ̀ kan igi, ọdẹ yóò sì jókòó sínú òkùnkùn lẹ́yìn iná. Àgbọ̀nrín tí ó wá jẹ koríko odò yóò gbójú sókè, yóò tẹjú mọ́ iná náà, kò ní sá, nítorí kò rí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì yóò máa tàn bí ẹyin iná. Ibẹ̀ ni ọdẹ ń wò láti yìnbọn.

Kò sí ọdẹ Yorùbá tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní mi orí. Òun náà mọ àtùpà tí à ń so mọ́ iwájú orí lóru. Ó mọ bí ojú ẹran ṣe ń tàn nínú igbó, ó sì mọ̀ pé àwọ̀ ojú náà, bí ó ṣe ga sílẹ̀ tó àti àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì ni yóò sọ fún òun bóyá etu ni ó wà níwájú òun tàbí ewúrẹ́ aládùúgbò. Awọ kan ni ó wà lẹ́yìn ẹyinjú irú àwọn ẹran bẹ́ẹ̀ tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, kí wọ́n lè ríran dáadáa nínú òkùnkùn. Ohun tí Ẹlẹ́dàá fún ẹran kí ó má baà kó sọ́wọ́ ọ̀tá, òun gan-an ni ọdẹ fi ń mọ ibi tí ó wà.

Ní ìparí àwọn ọdún 1880 ni Shiras bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kámẹ́rà dípò ìbọn, nígbà tí ó sì di àwọn ọdún 1890, ó gbé e wọ inú ọkọ̀ òru náà. Ọkọ̀ kò yí padà, òkùnkùn kò yí padà, iná iwájú ọkọ̀ àti àgbọ̀nrín tí ń wò ó kò yí padà. Dípò ẹ̀tù ìbọn, ìyẹ̀fun magnesium ni ó ń jó, tí gbogbo etí odò yóò mọ́ rekete bí ọ̀sán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí òkùnkùn yóò sì tún padà dé, tí ariwo ẹran tí ń sá nínú omi yóò sì gba ibi gbogbo. Ó tún ta okùn sí ojú ọ̀nà ẹran, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹran bá fi ẹsẹ̀ kan án tàbí tí ó bá fa oúnjẹ tí a so mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ya ara rẹ̀. Kámẹ́rà tí àwọn onímọ̀ ń dè mọ́ igi nínú igbó káàkiri ayé lónìí, ọmọ-ọmọ okùn yẹn ni.

Ayé kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Àwọn àwòrán òru náà gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà níbi ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Paris ní 1900. Ní oṣù Keje 1906, ìwé ìròyìn National Geographic gbé àwòrán rẹ̀ 74 jáde lẹ́ẹ̀kan náà, inú sì bí méjì nínú àwọn ìgbìmọ̀ tí ń darí ẹgbẹ́ náà débi pé wọ́n kọ̀wé fi ipò sílẹ̀; lójú tiwọn, ìwé ìmọ̀ ti ń di ìwé àwòrán. Ènìyàn kò ní ṣàìrẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá rántí ohun tí gbogbo ayé mọ ìwé ìròyìn náà mọ́ lónìí.

Gẹ̀ẹ́sì ń lo ọ̀rọ̀ kan náà fún yíyìnbọn àti yíya fọ́tò. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni à ń ya àwòrán, bí ọmọdé ṣe ń fi ìka ya nǹkan sórí iyanrìn. Ṣùgbọ́n Shiras kò fi ohun tí ó ń ṣe pa mọ́. Nígbà tí ó kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú ìwé ńlá alápá méjì ní 1935, ohun tí ó pe àkọlé rẹ̀ ni dídọdẹ ẹranko ìgbẹ́ pẹ̀lú kámẹ́rà àti iná. Ọdẹ ni ó pe ara rẹ̀, ó sì ṣe rere tí ọ̀pọ̀ tí kò pe ara wọn ní ọdẹ kò ṣe. Ní 1904, nígbà tí ó wà nílé aṣòfin, ó gbé àbá òfin kalẹ̀ pé kí ìjọba àpapọ̀ dáàbò bo àwọn ẹyẹ tí ń ṣí kiri láti ìpínlẹ̀ kan dé èkejì. Wọn kò fọwọ́ sí i nígbà náà, ṣùgbọ́n èrò náà ni ó di òfin ní 1913, tí òfin mìíràn tí ó lágbára jù ú lọ sì tẹ̀lé e ní 1918. Ọ̀kẹ́ àìmọye ẹyẹ ni ó ń fò lónìí lábẹ́ òfin tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ọdẹ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá Shiras wí nítorí àgbọ̀nrín tí ó fi mànàmáná lé wọ igbó, kí ó kọ́kọ́ gbé ìyẹn lé orí ìwọ̀n.

Síbẹ̀, àlàyé kan wà tí àwọn tí ń fi kámẹ́rà dọdẹ nígbà náà fẹ́ràn, tí ó yẹ kí a tún gbé yẹ̀ wò. Wọ́n ní ìbọn ní àsìkò; òfin sọ oṣù tí a lè pa àgbọ̀nrín àti oṣù tí a kò gbọ́dọ̀ pa á. Kámẹ́rà kò ní àsìkò. Ẹran kan náà ṣeé yà lónìí, ó ṣeé yà lọ́la, ó ṣeé yà nígbà tí ó lóyún àti nígbà tí ó ń tọ́mọ. Ìyìn ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Bí ó bá sì jẹ́ Shiras nìkan ni ó wà lórí adágún, pẹ̀lú atukọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo, kò sí ìjà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ní àsìkò kò ní ìsinmi náà. Ìbọn a máa sinmi fún oṣù mélòó kan kí ẹran lè bímọ. Kámẹ́rà ń jáde lójoojúmọ́, ó sì ń jáde jù lọ ní àsìkò tí ẹyẹ ń sàba, nítorí ìgbà yẹn ni ẹyẹ máa ń lẹ́wà jù.

Crystal River, ní ìwọ̀-oòrùn Florida, ni a ti lè rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Ibẹ̀ ni àwọn manatee ń sá wá nígbà òtútù. Ẹran omi ńlá ni manatee, kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan, koríko ni ó ń jẹ. Àgbà rẹ̀ máa ń gùn tó nǹkan bí mítà 3, ó sì máa ń wúwo tó nǹkan bí kílò 450. Ìbátan rẹ̀ kan wà nínú àwọn odò àti ọ̀sà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú. Bí ó ti tóbi tó nì, òtútù lè pa á. Bí omi bá tutù ju ìwọ̀n 20 Celsius lọ fún ìgbà pípẹ́, ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Nítorí náà ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ṣe ń kó jọ sí ojú ìsun omi tí kì í tutù ju 22 lọ. Wọn kò wá ṣeré. Wọ́n wá gba ẹ̀mí là ni.

Omi ibẹ̀ náà mọ́ gaara, nítorí náà àwọn ayàwòrán náà ń kó jọ síbẹ̀. Káyáàkì kò ní abẹ́ ẹ́ńjìnnì bí èyí tí ó ti gé ẹ̀yìn manatee púpọ̀ tí ó sì ti pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìyẹn ni ó ń mú kí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ rò pé ọwọ́ òun mọ́. Ṣùgbọ́n manatee tí ọkọ̀ mẹ́wàá yí ká, tí ó sì fi ojú ìsun sílẹ̀ lọ sínú omi tútù, kò ní í bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ẹ́ńjìnnì ni ó lé òun tàbí àjẹ̀. Ní 2021, manatee tí ó kú ní Florida lé ní ẹgbẹ̀rún kan, iye tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí nínú ọdún kan. Ebi ni ó pa èyí tí ó pọ̀ nínú wọn, ní etí òkun ìlà-oòrùn, níbi tí ìdọ̀tí inú omi ti ba koríko tí wọ́n ń jẹ jẹ́. Kì í ṣe ayàwòrán ni ó fa ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹran tí ebi ń pa nígbà òtútù kò ní agbára tí yóò máa fi sá fún àlejò. Ìjọba ti ya agbègbè Crystal River sọ́tọ̀ fún wọn láti 1983, wọ́n sì ń fi okùn yí àwọn ibì kan ká láti ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọjá okùn náà. Ní ìsun tí wọ́n ń pè ní Three Sisters, ọkọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ wọlé ní àsìkò yẹn, káyáàkì pẹ̀lú. Àwọn kan kùn. Ó mà ṣe o: kámẹ́rà ti ní àsìkò níkẹyìn.

Ní Silver River, ọ̀bọ ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n. Ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1930 ni ọkùnrin kan tí ń fi ọkọ̀ gbé àlejò kó wọn wá láti fi fa ojú ènìyàn mọ́ra; ọmọ Éṣíà ni irú ọ̀bọ náà. Ó kó wọn sí erékùṣù kan láàárín odò, ó rò pé wọn kò mọ omi wẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Irú-ọmọ wọn ti tàn ká inú igbó etí odò láti ìgbà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ àwòrán tí ó súnmọ́ra, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó ń mú lọ. Ọ̀bọ yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò na ọwọ́, kámẹ́rà yóò sì dún. Nínú àwòrán, ó dà bí ìgbà tí ẹranko ìgbẹ́ ń kí ọmọ ènìyàn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò hàn. Lẹ́yìn tí ìwádìí fi hàn pé àwọn kan nínú àwọn ọ̀bọ náà ń gbé kòkòrò àrùn herpes B, tí ó lè pa ènìyàn, ìpínlẹ̀ Florida fi òfin dè é ní 2018 pé kí ẹnikẹ́ni má fún wọn ní oúnjẹ mọ́. Ọ̀bọ tí ó ti gbàgbé bí a ṣe ń bẹ̀rù ènìyàn, òun náà ni wọ́n máa ń mú kúrò nígbà tí ó bá bu ẹnìkan jẹ.

Àwọn tí iṣẹ́ náà ti wọ̀ lára ní ìwọ̀n kan tí wọ́n fi ń wọn ara wọn, kò sì sí nínú ìwé òfin: bí ẹran bá ti yí ohun tí ó ń ṣe padà nítorí ọkọ̀, ọkọ̀ ti súnmọ́ jù. Ẹyẹ tí ń ṣọ́ ẹja ni kí ó máa ṣọ́ ẹja lọ. Bí ó bá na ọrùn, kí àjẹ̀ wọ omi, kí ọkọ̀ padà sẹ́yìn jẹ́ẹ́, kí ó má sì yí ìdí sí i lójijì. Lẹ́ǹsì gígùn ni wọ́n fi ń ra àlàfo náà padà, lẹ́ǹsì gígùn sì wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń wa ọkọ̀ súnmọ́ ẹran dípò kí wọ́n ra á. Ti ìtẹ́ ni ó le jù. Ẹyẹ tí ó bá fò kúrò lórí ẹyin lọ́sàn-án gangan fi ẹyin náà sílẹ̀ fún oòrùn, àti fún ẹyẹ mìíràn tí ń jẹ ẹyin, tí ó ti ń wo ọkọ̀ náà láti orí igi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó.

Nǹkan kan tún ti wọ inú rẹ̀ tí Shiras kò bá pàdé. Fóònù àti ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òde òní a máa kọ ibi tí a ti ya àwòrán sínú àwòrán náà, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n wá lè rí i kà títí dé orí igi tí ìtẹ́ wà. Àwọn kan ti ń pa ohun náà kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Bí wọ́n bá gbé àwòrán ìtẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ìpínlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń dúró títí àwọn ọmọ ẹyẹ náà yóò fi fò lọ kí wọ́n tó gbé e jáde.